Yàrá Iwájú Tí Fèrèsé Rẹ̀ Kọjú sí Ọ̀nà Agẹmọ

Bàámi, télọ̀ tí téèpù kì í kúrò lọ́rùn wọn,

Mo ti rí ilé.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú baba tó ti lọ. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ pé ara wa le, pé ẹbí ń kí yín, pé òdòdó tí a gbìn sí ẹ̀gbẹ́ sàréè yín ti gbilẹ̀. Ara wa le. Ẹbí ń kí yín. Òdòdó yẹn, ewúrẹ́ kan ti bá wa kórè rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ilé, Bàámi, mi ò sì lè pa á mọ́ra, nítorí ẹ̀yin lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ilé náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀yin náà lẹ sì bá mi gbà á.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi amọ̀ mọ láyé àtijọ́ kí wọ́n tó fi sìmẹ́ńtì pa á lára, bí ìyá àgbà tó fi páúdà bo ìwunjọ ojú. Páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ pákó. Bí ènìyàn bá ń gùn ún, gbogbo ilé ló ń mọ ẹni tó ń bọ̀, àwọn tí etí wọn bá mú dáadáa sì lè mọ ohun tó jẹ lọ́sàn-án. Alájì kan ló ni ín, tó ń ta pákó nígbà tí agbára ṣì wà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú Alájà, ìyàwó wọn. Wọ́n ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà yẹn pẹ́ débi pé bí wọ́n bá dìde, ènìyàn á rò pé apá kan ilé ló wó.

Ẹ ó rántí pé ìmọ̀ nípa ilé àti ilẹ̀ ni mo lọ kọ́ ní Poli. Ó kù díẹ̀ kí ẹ rán kaki fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé tó wà láàárín Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kí n tó parí rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ti gbà mí síṣẹ́ báyìí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ilé onílé, kí n díyelé e, kí wọ́n lè mọ owó orí tí wọn yóò bù fún onílé. Ẹni tó ń díyelé ilé gbogbo ìlú, orí àga gígùn ní pálọ̀ ọmọ yín ọkùnrin ló ń sùn. Bí ó bá di ìdájí, àwọn ọmọ wọn á wá jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ láti jẹ búrẹ́dì.

Ilé wa ní Ìdí-Ìyeyè ṣì wà. Wọ́n ti pín in láàárín ẹbí bí ẹni pín ẹran iléyá, ẹsẹ̀ níbí, igbáàyà lọ́hùn-ún. Ibi tí ẹ máa ń gbé máṣíìnì sí, kéèsì ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ìyàwó Bọ̀dá ń tà ló wà níbẹ̀ báyìí. Nígbà mìíràn, bí wọ́n bá ń to ìgò láàárọ̀ kùtù, ojú mi á ṣì wà ní dídì, mo máa ń rò pé ẹ̀yin lẹ ti jókòó ti máṣíìnì. Mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó la ojú. Ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ háyà yàrá nígboro, Bọ̀dá mi gbé ṣíbí kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ó máa háyà ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde? Kí ni kí n sọ ní ìpàdé ẹbí?" Mo ní kí wọ́n sọ pé àga gígùn ti kúrú. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé ọmọ yín yẹn kì í rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ kejì.

Mo lọ wo yàrá náà ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìmọ́tótó. Ẹ ò bá ìmọ́tótó láyé. Àwọn sójà ti gba ìjọba padà lẹ́yìn yín, wọ́n sì ní kí gbogbo wa máa gbálẹ̀, kí a sì máa tò sórí ìlà. A ń tò láti ra búrẹ́dì, a ń tò láti wọ ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan mo bá ìlà gígùn kan pàdé lójà, mo tò sí i. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí gbogbo wa tó mọ̀ pé kò sí ohun tí wọ́n ń tà níwájú. Ẹ̀yin ìbá gbádùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ràn ohunkóhun tó wọ́.

Yàrá tó ṣófo ni yàrá iwájú lókè. Ó gbòòrò, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, fèrèsé onípákó ńlá kan sì wà tó kọjú sí títì. Mo dúró síbẹ̀, mo rí orí páànù àwọn ilé, mo rí ilé ìtajà tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín tẹ́lẹ̀ ní ọ̀ọ́kán, tí wọ́n ti kùn ní àwọ̀ ewé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyẹn ló mú mi fẹ́ yàrá náà. Ẹ̀yin nìkan ni mo ń sọ fún. Mo mú téèpù yín jáde láti inú báàgì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ògiri. Ṣé ẹ rántí pé ẹ kì í wọ ilé tuntun láìwọ̀n ọ́n? Ẹ wọn ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí wọ́n tún un kọ́. Ẹ wọn pósí ìyá yín, ẹ ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti rẹ́ ẹ jẹ.

Alájì dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Mo kàn ń kọ ọ́ bí àwọn tíṣà ṣe ní kí a máa kọ ọ́ ni.

"Ṣé ṣòkòtò lo fẹ́ rán fún yàrá náà ni?"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀dì mi á gbà síbẹ̀ ni."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan, sà."

"Ọkọ ńkọ́?"

"Kò tíì dé, sà."

"Ibo ló lọ?"

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, sà."

Wọ́n wò mí títí, bí ẹni tó ń wo pákó bóyá ikán ti wọ inú rẹ̀. Wọ́n wá rìn lọ síbi fèrèsé, wọ́n fi ìka tọ́ka sí títì. "Ọmọ yìí, o ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n yàrá yìí kì í ṣe ti obìnrin. Ṣé o rí ọ̀nà yẹn? Agẹmọ tí obìnrin kò gbọdọ̀ fojú rí ló ń gba ibẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kọ́ ilé yìí, ọkùnrin ló ń gbé yàrá iwájú. Tíṣà ti gbé e, awakọ̀ ti gbé e, ọlọ́pàá kan náà gbé e tí ìhanrun ẹ̀ ń mi páànù. Obìnrin, rárá. Bí ó bá di ọjọ́ Agẹmọ, tí ojú bá ṣì í, tó ṣí fèrèsé, èmi ni ìlú á wá bá. Mo ti dé Mẹ́kà o, ṣùgbọ́n kí n tó dé Mẹ́kà, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti gbéra."

Ibí yìí gan-an ni mo ti gbé yín jáde, Bàámi. Mo ní kí wọ́n má mikàn. Mo ní ta ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ọ̀rọ̀ Agẹmọ? Mo ní láti kékeré ni mo ti mọ bí obìnrin ṣe ń tilẹ̀kùn mọ́rí, nítorí iwájú ilé wa gan-an ni Agẹmọ máa ń gbà kọjá lọ́dọọdún, bàbá mi ló sì máa ń ti fèrèsé.

"Ilé yín wo?"

"Ìdí-Ìyeyè, sà."

"Ìdí-Ìyeyè wo? Èyí tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé?"

"Òun ni, sà."

Alájì di ògiri mú. Mo rò pé àyà ló ń dùn wọ́n, àṣé ẹ̀rín ni. Fìlà wọn bọ́ sílẹ̀, wọn ò mú un. "Agẹmọ kò gba Ìdí-Ìyeyè rí! Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé! Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ọ̀nà yẹn kò já síbi kankan, kòtò ló wà lópin ẹ̀!" Wọ́n bẹ orí wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé. "Alájà! Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ yìí ní Agẹmọ ń gba Ìdí-Ìyeyè kọjá!"

Ohùn Alájà dá wọn lóhùn láti ibi ìdáná: "Bóyá èyí tó ṣìnà ni!"

"Ẹnu ẹ!" ni Alájì wí, ṣùgbọ́n èjìká wọn ṣì ń mì.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù yín lọ́wọ́. Ẹ wo bí ẹ ṣe ṣe mí. Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú báàgì, tó sọ pé mo mọ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ilé àti ilẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé òpópó tí wọ́n bí mi sí kò já.

Ṣé kí n rán yín létí ohun tí ẹ ṣe? Láàárín ọdún, ta ló ń rí yín nílé? Ṣọ́ọ̀bù ni láti àárọ̀. Bí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀. Bí ẹ kò bá ní ti télọ̀, ẹ ní ti ẹgbẹ́ akọrin. Bí ti akọrin bá túká, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ ń dúró dè yín, ẹ̀yin tí ẹ kò lò ju ọdún díẹ̀ lọ ní ilé-ìwé náà. Bí ẹ bá sì wà nílé, abẹ́rẹ́ ló máa ń wà lẹ́nu yín. "Hùn" àti "hùn-ún" ni ìdáhùn yín sí gbogbo ìbéèrè mi, a sì ní láti fi ohùn mọ èwo ni bẹ́ẹ̀ ni.

Àfi ọjọ́ Agẹmọ. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọkùnrin àdúgbò á jáde lọ, ẹ̀yin á jókòó sílé. Ẹ á ti ilẹ̀kùn, ẹ á ti fèrèsé, ẹ á fi aṣọ di abẹ́ rẹ̀. Ẹ á jókòó sórí àpótí ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà, Màámi á gbé àgbàdo sísè wá, èmi á jókòó sí ẹsẹ̀ yín nínú òkùnkùn. Kì í sí abẹ́rẹ́ lẹ́nu yín. Ẹ á gbé etí lé pákó, ẹ á bẹ̀rẹ̀: Ó ti dé ìdí igi ìyeyè. Ó dúró. Ó ń wo ilé wa. Ó ní ilé yìí mọ́ o, ta ló ń gbá a? Mo máa ń fẹ́ kígbe pé èmi ni, ẹ á fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ẹ á ní ó ti ń lọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ ti tú, ẹni tó rán an kò fi sùúrù rán an. Ẹ á mí kanlẹ̀. Ó máa ń dun yín dọ́kàn, ìṣẹ́tí aṣọ Agẹmọ yẹn. Ọdọọdún ló ń tú.

Mo gbà gbọ́, Bàámi. Títí dé Poli ni mo gbà gbọ́. Mo ti jókòó láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìlú mìíràn, mo ti sọ fún wọn pẹ̀lú ìgbéraga pé iwájú ilé wa ló ń gbà.

Alájì mú fìlà wọn nílẹ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n. "Bàbá tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ yìí, ìwọ mú un wá. Mo fẹ́ rí i. Kí ó wá dúró fún ẹ, kí ó sọ fún mi pé òun ló tọ́ ẹ, màá fún ẹ ní yàrá."

Mo ní wọ́n ti kú.

Wọn ò dé fìlà náà mọ́. Wọ́n dì í mú sí ọwọ́, wọ́n ń wo títì. Wọ́n wá ní kí n kó ẹrù mi wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní mi ò tíì di ayálégbé. Àlejò ni mí títí Agẹmọ yóò fi kọjá. Bí fèrèsé náà kò bá ṣí, kódà kí ó fẹ̀ bí etí eku, wọ́n á fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ìta, kí n máa wọlé jáde bí ará ilé. Bí ó bá ṣí, kí n dágbére fún Alájà kí n tó lọ, nítorí Alájà máa ń fẹ́ràn ènìyàn kíákíá.

Bí mo ṣe di onílé lábẹ́ àdéhùn nìyẹn.

Mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ bá Màámi. Àárín àwọn ẹbí wọn ni wọ́n wà báyìí, wọ́n ń ta gàrí, ara wọn sì dá ju ti gbogbo wa lọ. Mo jókòó, mo bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n mọ̀ pé Agẹmọ kò gba Ìdí-Ìyeyè. Wọ́n ń ku gàrí lọ.

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo, mà?"

"Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé bàbá ẹ. Ṣé kòtò yẹn ni mi ò rí?"

"Ẹ sì ń jókòó sínú òkùnkùn lọ́dọọdún!"

Wọ́n gbé asẹ́ gàrí sílẹ̀, wọ́n wò mí bí ẹni tí ìwé ti dà lórí rú. "Ìwọ ọmọ yìí. Ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún tí mo ní ọkọ nílé, tí kò sí abẹ́rẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Kí n wá máa bá a jà lórí ọ̀nà?"

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ku gàrí.  Lójú ọ̀nà nínú ọkọ̀, mo ń ronú pé ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ, kí ló dé tí ẹ kò kàn sọ pé ẹ fẹ́ jókòó tì wá? Ṣé bí ẹ ṣe ń wọn nǹkan tó yẹn, ẹ kò rí ìwọ̀n tó gba ọ̀rọ̀ yẹn ni?

Mo fẹ́ràn ilé náà, Bàámi. Ayálégbé kejì lókè ni Ìyá Kúdí, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, àti Kúdí ọmọ rẹ̀ tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, tó sì ń bèèrè ìdí ohun gbogbo. Ìdí tí ọ̀lẹ̀lẹ̀ fi ń mì. Ìdí tí Alájì kì í fi dìde. Alájà máa ń fi ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná ránṣẹ́ sí mi lókè, wọ́n á sì dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn títí màá fi sọ pé ó dùn. Bí òjò bá rọ̀, ibi tí ó ń jò ní yàrá mi kì í yí padà. Mo ti gbé bàsíà síbẹ̀. Níbi iṣẹ́, wọ́n kọ́ wa pé jíjò ń dín iye ilé kù. Ìró rẹ̀ ń mú mi sùn. Mo kọ̀ láti dín in kù.

Ìṣòro kan ni fèrèsé yẹn. Pákó rẹ̀ méjèèjì ti gbó, wọ́n dà bí tọkọtaya tó ń bínú síra wọn: wọ́n kọjú síra wọn, wọn ò fara kanra. Àlàfo wà láàárín wọn. Bí Agẹmọ ṣe ń sún mọ́, oorun mi ń sá. Alájì ní gbẹ́nàgbẹ́nà àwọn ń bọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà ń bọ̀ láti oṣù kejì. Níkẹyìn, mo ṣí àpótí yín tí mo gbé kúrò láàárín kéèsì ọtí. Kaki tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ṣì ní òórùn epo máṣíìnì. Mo fi téèpù yín wọn fèrèsé náà, mo fi ọwọ́ rán aṣọ tó nípọn, ìlọ́po méjì, mo sì kàn án mọ́ pákó. Ìṣẹ́tí rẹ̀ kò gún, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má wò ó.

Ọjọ́ náà dé nínú òjò oṣù keje. Láàárọ̀, àwọn ọkùnrin ti ń ké káàkiri pé kí obìnrin wọlé. Títì dákẹ́, àfi bí ọjọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé bá wọ kíláàsì. Lọ́dọọdún, Alájì máa ń jáde lọ dúró láàárín àwọn àgbà ọkùnrin. Lọ́dún yìí, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, àwọn kò lè dé ẹnu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ àtẹ̀gùn, pákó kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi dé òkè. Wọ́n jókòó sí orí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹsẹ̀ tí kò lè dé ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ló gbé wọn gun òkè yẹn.

Ìyá Kúdí sáré wọ yàrá mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun ní yàrá ẹ̀yìn, pé bí a bá pọ̀, á dára. A jókòó sórí ẹní. Mo gbé àgbàdo sísè kalẹ̀. Òkùnkùn yàrá náà jọ ti Ìdí-Ìyeyè.

Ariwo kan bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, ó ń bọ̀. Ti òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, Bàámi. Ti òótọ́ ń bọ̀ ní abẹ́ fèrèsé mi, àyà mi sì ń lù bí máṣíìnì tí ẹlẹ́sẹ̀ yíyá ń tẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wẹ̀yìn, mi ò rí Kúdí ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ti dé ìdí fèrèsé. Ó ti na ọwọ́, ó ti di etí aṣọ kaki náà mú, ó ń fẹ́ gbé e sókè láti wo ìdí tí a fi ń jókòó sínú òkùnkùn. Ìyá rẹ̀ fi ìró bo ojú ara rẹ̀. Alájì gbọ́ bí a ṣe dákẹ́. Wọ́n wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ikọ́ ẹni tó ti mọ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́. Bí mo bá kígbe, ọmọ náà á fa aṣọ yẹn ya pẹ̀lú ìjayà.

N kò kígbe. Mo gbé etí lé ògiri. Mo ní, "Ó ti dé ìdí igi."

Kúdí yí orí padà. "Ta ni?"

"Ṣ-ṣ-ṣ. Ó dúró. Ó ń wo ilé yìí. Ó ní ilé yìí mọ́ o, ta ló ń gbá a?"

"Èmi ni!"

"Sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Wá síbí kí n máa gbọ́ ohun tó ń sọ."

Ó fi aṣọ sílẹ̀. Ó wá jókòó sí ẹsẹ̀ mi. Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo rí i pé itọ́ ọmọdé máa ń wà nínú àtẹ́lẹwọ́ ẹni. Ẹ kò sọ fún mi rí. Mo ní ó ti ń lọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ ti tú, ó ń wọ́ nílẹ̀, kò lè lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ilẹ̀kùn ilé kan ṣí ní ọ̀ọ́kán, ọkùnrin kan jáde wá, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Télọ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó ní hùn, ìyẹn ni pé kí Agẹmọ dúró dáadáa. Agẹmọ dúró. Ó fa abẹ́rẹ́ kan yọ lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìṣẹ́tí náà, díẹ̀díẹ̀, kò kánjú, gbogbo ọ̀nà sì ń dúró dè é.

Ariwo ìta ti wà lábẹ́ wa gan-an nígbà yẹn, ilẹ̀ pákó ń gbọ̀n. Ó kọjá. Ó ń jìnnà. Ó tán. Kúdí ti sùn lọ pẹ̀lú àgbàdo lọ́wọ́. Aṣọ kaki yẹn wà níbi tí mo kàn án sí.

Nígbà tí wọ́n ké pé obìnrin lè jáde, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Alájì ṣì jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. 

"Mi ò lè sọ fún ẹ bó ṣe rí," ni wọ́n wí. "Èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ lo pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ìta jáde, wọ́n nà án sí mi láìwo ẹ̀yìn. Nígbà tí mo fẹ́ gbà á, wọn ò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Télọ̀ yẹn," ni wọ́n wí, "ṣé ó rán ìṣẹ́tí yẹn tán?"

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Hùn," ni Alájì wí, wọ́n sì jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ náà fún mi.

Nítorí náà mo ti rí ilé, Bàámi. Orúkọ mi ti wà lẹ́nu Alájà bí ará ilé. Kúdí ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé Agẹmọ bèèrè ẹni tó ń gbálẹ̀. Láàárọ̀, bí mo bá ṣí fèrèsé, ṣọ́ọ̀bù yín tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé ni mo ń kọ́kọ́ rí, mo sì máa ń dúró díẹ̀ bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ á ṣí. Téèpù yín wà lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Àpótí ìjókòó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo wọn ibẹ̀ kí n tó gbé e síbẹ̀; ẹsẹ̀ yín á gbà.

Ẹ máa rán ìṣẹ́tí yẹn lọ. Ẹ má kánjú.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó ṣì jókòó sí ẹsẹ̀ yín nínú òkùnkùn, tó mọ̀ báyìí pé ọ̀nà kò já, tó sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀.